Awọ lásán lára igi: ta ló jẹ ẹran inú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún méje, já kòkòrò kan lára igi ẹ̀yìn ilé wa. Ó ti gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì di èèpo igi mú gírígírí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti là, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ọmọ náà ní kòkòrò mìíràn ló wọ inú rẹ̀ tó jẹ ẹ́ tán. Ṣé òótọ́ ni? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé òun náà ni kòkòrò tó máa ń han gooro lórí igi lọ́sàn-án gangan. Bó bá jẹ́ òun ni, ṣé kí n wá oògùn tí màá fín sára àwọn igi eléso kéékèèké tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi yin ọmọ yẹn dáadáa, torí ojú rẹ̀ mú. Ojoojúmọ́ ni àwọn àgbàlagbà ń kọjá lára irú awọ bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í rí i. Àmọ́ o, kò sí ohun tó jẹ ẹran inú rẹ̀. Ẹni tó ni awọ ló bọ́ ọ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tó na ìyẹ́, tó sì fò lọ. Ẹni tó sọ fún yín pé òun ló ń han lórí igi kò purọ́. Ní ti oògùn, ẹ má tíì ra nǹkan kan. A máa dé orí ìyẹn.

Síkádà ni màá máa pè é nínú ìdáhùn yìí. Àwọn kan a kàn máa pè é ní ìrẹ̀ tàbí eṣú, ó sì máa ń dùn mí, nítorí àṣìpè yẹn ló ń kó bá a. Eṣú ní eyín, ewé ló ń jẹ, ó sì lè jẹ oko run. Síkádà kò ní eyín rárá. Ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ tó ká mọ́ abẹ́ àyà, omi inú igi ló fi ń fà mu. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó máa ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú ewé tí wọ́n ń fa oje rẹ̀ ló bá tan. Oríṣi rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ lé ní 3,000, kò sì sí kọ́ńtínẹ́ǹtì tí wọn kò sí, àfi Antarctica tí yìnyín bò.

Bí awọ náà bá ṣì wà, ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kí ọmọ náà sún mọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ iwájú. Ó nípọn ju àwọn yòókù lọ, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó sì ní ẹnu ṣóńṣó bíi ti akàn. Ẹsẹ̀ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi èékánná ha oríkèé rẹ̀ díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí erùpẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹ wo orí: awọ tó bo ẹyinjú pàápàá bọ́, ó sì mọ́ bíi gíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ibi tó là wò. Ilà kan ṣoṣo ni, ó tọ́, ó wá láti orí dé àárín ẹ̀yìn, bí ìgbà tí èèyàn tú síìpù aṣọ. Ohun tó bá ń jẹ kòkòrò láti inú kì í ṣí ilẹ̀kùn tó mọ́ tó báyìí.

Nínú ibi tó là yẹn, ẹ máa rí àwọn fọ́nrán funfun bíi mélòó kan, bí òwú tí wọ́n fà yọ lára aṣọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìfun tàbí iṣan tó ṣẹ́ kù ni. Rárá o. Kòkòrò kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Ihò tíntìntín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọ inú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó pín káàkiri ara. Awọ tẹ́ inú àwọn ọ̀pá yẹn náà, bí kòkòrò bá sì ń bọ́ awọ, tòde tinú ló ń bọ́. Àwọn fọ́nrán funfun yẹn ni awọ inú ọ̀pá èémí rẹ̀. Ẹ fi han ọmọ yín, kí ẹ sọ fún un pé ibi tí kòkòrò náà ti ń mí tẹ́lẹ̀ rí nìyẹn. Lójú tèmi, kò sí ohun tó dára tó o lára awọ náà.

Mo ti jókòó ti ọ̀kan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì tí mo fi aṣọ pupa bò kí ìmọ́lẹ̀ má baà pọ̀ jù. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tó yọ lẹ́nu ihò. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí arúgbó, ó gun igi dé ibi tó ṣe déédéé àyà mi, ó fi èékánná kọ́ èèpo igi, ó sì dákẹ́. Ó pẹ́ tó fi dúró bẹ́ẹ̀, àfi bíi pé ó ti kú. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ilà tín-ín-rín kan yọ, ilà náà fẹ̀, ohun kan tó funfun tó sì rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yọ, orí tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tó ku ìdí nìkan, ó da ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó dorí kodò, kò di nǹkan kan mú mọ́ àfi ìdí tó ṣì há sínú awọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká mọ́ àyà, ó ń dúró kí ẹsẹ̀ náà le. Àfi lójijì tó tẹ ara rẹ̀ síwájú, tó di orí awọ tó ń bọ́ náà mú, tó sì fa ìdí yọ.

Ìyẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn dà bí aṣọ tí wọ́n rún sínú ìkúùkù, kò ju èékánná ọwọ́ lọ. Ó ń ti omi ara rẹ̀ sínú àwọn iṣan ìyẹ́ náà, ìyẹ́ ń tú, ó ń gùn, títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Àkókò yìí ló léwu jù nínú gbogbo ayé rẹ̀, torí kò lè fò, kò lè sá, ara rẹ̀ kò sì tíì le. Àní èèrà lè pa á. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan ìyẹ́ yẹn kó tó gbẹ, wíwọ́ ló máa gbẹ, kòkòrò náà kò sì ní fò láéláé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara ti le, àwọ̀ ti yí padà, ó ti gun òkè igi lọ. Awọ nìkan ló kù tó di igi mú, òun ni ọmọ yín já.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Awọ yẹn kọ́ ni àkọ́bọ́ rẹ̀, ìkarùn-ún ni. Mẹ́rin àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí síkádà ti lo ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí tí à ń rí lókè tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni síkádà ń lò láyé ti gbàgbé ọdún tó fi wà nínú òkùnkùn.

Orí igi ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá síkádà ní ohun èlò kan nídìí tó mú bí ayùn. Ó máa ń wá ẹ̀ka tín-ín-rín tó nípọn tó pẹ́ńsù, á là á, á yé ẹyin sínú ibi tó là, á sún síwájú díẹ̀, á tún là. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹyin á pa. Ọmọ tó jáde funfun, kò ju èèrà lọ, kò sì ní ìyẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe láyé ni pé á jábọ́. Á já láti orí igi dé ilẹ̀, ìjábọ́ náà kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan nítorí pé ó fúyẹ́. Á wá ibi tí ilẹ̀ ti là, á wọlé, á máa gbẹ́ ọ̀nà lọ títí á fi kan gbòǹgbò, á sì ki abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí, torí ohun tó ń mu níbẹ̀ ló ṣe àlàyé gbogbo ìwà rẹ̀ yòókù. Igi ní ọ̀nà méjì nínú ara rẹ̀. Ọ̀kan ń gbé oúnjẹ dídùn tí ewé sè lọ sí gbogbo ara igi, èkejì ń gbé omi láti gbòǹgbò gòkè. Púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń fa oje, ọ̀nà oúnjẹ dídùn ni wọ́n ń lọ. Síkádà ní tiẹ̀ yan ọ̀nà omi. Omi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan nínú, ó sì ṣòro láti rí gbà, nítorí igi fúnra rẹ̀ ń fà á sókè. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ fà ju igi lọ. Ìdí nìyẹn tí iwájú orí síkádà fi yọ gọngọ: iṣan tó fi ń fa omi ló kún ibẹ̀. Ẹ padà sórí awọ ọwọ́ yín, ẹ máa rí ìwú náà láàárín ojú méjèèjì.

Omi nìkan kò lè kọ́ ara. Nínú ikùn síkádà ni àwọn bakitéríà kan, ohun alààyè tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, ń gbé, tí wọ́n ń fi ìwọ̀nba èròjà inú omi yẹn ṣe ohun tí kòkòrò náà kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ pe ọ̀kan ní Sulcia, wọ́n pe èkejì ní Hodgkinia. Ìyá ló ń kó wọn sínú ẹyin, kò sí ọmọ tó ń jáde láìní wọn. Wọ́n ti bá a gbé pẹ́ débi pé wọn kò lè dá gbé níbòmíràn mọ́. Àwọn síkádà kan ní Japan tilẹ̀ wà tí wọn kò ní Hodgkinia mọ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, ìyẹn ohun tó bá olú tan, ló gba ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìbátan fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn, kòkòrò ni wọ́n ń pa jẹ. Ohun tí ìran rẹ̀ ń pa kòkòrò wá di ẹni tó ń bọ́ ọ. Mo ti mọ èyí tipẹ́, síbẹ̀ ìyàlẹ́nu rẹ̀ kò tíì tán lára mi.

Ẹni tó ń mu omi tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ̀. Àwọn ọmọ abẹ́ ilẹ̀ kì í fi tiwọn ṣòfò: wọ́n ń fi rin erùpẹ̀, wọ́n sì ń fi rẹ́ ògiri ihò wọn kó má baà ya lù wọ́n. Àwọn tó ti níyẹ̀ẹ́ ń tú u láti orí igi. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti wọn eré tí ìtọ̀ náà ń sá, ó tó mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá dúró sábẹ́ igi tí omi ń ta sí yín lára nígbà tí kò sí òjò, ẹ ti mọ ibi tó ti wá.

Oúnjẹ tí kò lókun ló ń mú kí dídàgbà pẹ́. Ọ̀pọ̀ oríṣi síkádà ń lo ọdún 2 sí 5 nílẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, ọdọọdún ni àwọn kan máa ń jáde, a wá ń rò pé àwọn tí a gbọ́ lọ́dún tó kọjá náà ni. Ní Fiji, oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní nanai, ọdún 8 lẹ́ẹ̀kan ló ń jáde. Àwòrán rẹ̀ wà lórí owó 100 dọ́là ilẹ̀ náà. Àwọn tó pẹ́ jù tí a mọ̀ dájú wà ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Oríṣi méje ni wọ́n, mẹ́rin ń lo ọdún 13, mẹ́ta ń lo ọdún 17. Gbogbo àwọn tó wà ní àgbègbè kan ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí wọn yóò sì tún dákẹ́ fún ọdún 13 tàbí 17 mìíràn.

Báwo ni ohun tó wà nínú òkùnkùn ṣe ń ka ọdún? Àwọn olùwádìí kan ní California dáhùn èyí lọ́nà tó wù mí gan-an, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Wọ́n kó àwọn ọmọ síkádà ọlọ́dún 17 tó ti lo ọdún 15 nílẹ̀, wọ́n kó wọn sídìí igi písì kan tí wọ́n mú kó tanná lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ọdún kan ṣáájú àkókò ni àwọn síkádà náà jáde. Kì í ṣe oòrùn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe òtútù tàbí ooru. Igi ni wọ́n ń kà. Nígbàkígbà tí igi bá tún rúwé, omi inú rẹ̀ máa ń yí padà, ẹni tó sì ti ki ẹnu bọ gbòǹgbò á mọ̀ pé ọdún ti yí. Tí iye ọdún bá wá pé, wọ́n á gbẹ́ ọ̀nà wá sí ìtòsí òkè, wọ́n á dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi móoru tó nǹkan bí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sísàlẹ̀. Alẹ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀, pàápàá tí òjò bá ti rọ ilẹ̀, wọ́n á tú jáde.

Wọ́n ti ka iye tó jáde ní éékà ilẹ̀ kan rí, ó tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ohun ìjà wọn nìyẹn. Síkádà kì í ta, kì í jà, kò sì mọ̀ ọ́n sá. Ẹyẹ, ọ̀kẹ́rẹ́, alántakùn, ẹja, gbogbo wọn á jẹ wọ́n yó, á sú wọn, àwọn tó kù á sì pọ̀ tó láti yé ẹyin. Ní ti 13 àti 17, àlàyé kan wà tí mo fara mọ́. Kò sí nọ́mbà tó pín wọn tán àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Bó bá jẹ́ ọdún 12 ni, ọ̀tá tó ń pọ̀ sí i ní ọdún 2, 3, 4 tàbí 6 lẹ́ẹ̀kan yóò máa bá wọn pàdé nígbà gbogbo. Ọdún 17 kò fún irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ láyè. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì pàápàá kì í sábà pàdé: ẹgbẹ́ ọlọ́dún 13 kan àti ẹgbẹ́ ọlọ́dún 17 kan jọ jáde ní ọdún 2024, ìgbà tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ni 1803, ọdún 2245 ni wọ́n sì tún máa jọ jáde. Ẹ fi 13 sọ 17 di púpọ̀, ẹ máa rí 221.

Ìyá wa, ibi tí ọ̀rọ̀ oògùn ti wọlé nìyí, ẹnì kan sì wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Benjamin Banneker ni, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí lómìnira, tí kì í ṣe ẹrú, ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1731, àgbẹ̀ tó fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ títí tó fi ń ṣe kàlẹ́ńdà fún títà. Ní 1749, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 17, síkádà tú jáde bí omi. Ó rò pé èso àti igi ni wọ́n wá jẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Kò pẹ́ tó fi rí i pé làálàá lásán ni. Ó wá fi iṣẹ́ pípa sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Wọ́n padà wá ní 1766, wọ́n tún wá ní 1783, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún 17 ni wọ́n fi ń padà, pé kí a máa retí wọn ní 1800. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ iye ọdún náà sílẹ̀, nítorí pé ó gbà láti fi pípa wọn sílẹ̀ kó sì máa wò wọ́n.

Ó tún rí ohun kan tí àwọn onímọ̀ òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú wò. Ó rí i pé ìdí àwọn kan ń jẹrà bọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń kọrin lọ bíi pé kò dùn wọ́n. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Massospora ló ń ṣe é. Á jẹ ìdí kòkòrò náà, á fi ìyẹ̀fun funfun dí ojú ibẹ̀, kòkòrò á sì máa fò kiri, á máa gbọ̀n ọ́n sára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Akọ tó bá ní in tilẹ̀ máa ń gbọn ìyẹ́ bí abo, kí àwọn akọ mìíràn lè sún mọ́ ọn, kí wọ́n sì kó o. Kò sí ewu rẹ̀ fún igi.

Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn ti ariwo. Akọ ló ń han. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, awọ líle kan wà tó ní ìlà ìlà. Iṣan á fà á, awọ náà á tẹ̀ wọlé, á dún, á tún fò padà, á tún dún, bí ìgbà tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọmọrí agolo tó ń dún kọ́-kọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni èyí ń ṣẹlẹ̀, ó pọ̀ débi pé etí wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, a kàn ń gbọ́ ohùn kan gooro. Ikùn akọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán, òun ló ń mú ohùn náà ròkè. Síkádà ilẹ̀ Áfíríkà kan tó ń jẹ́ Brevisana brevis ni wọ́n wọn ohùn rẹ̀ tó ga jù, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 106.7 ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50 sí i. Bí akọ bá ń kọ, ó máa ń dẹ awọ etí tirẹ̀, kí ohùn ara rẹ̀ má baà di í létí. Jean-Henri Fabre, ará Faransé tó fi ayé rẹ̀ wo kòkòrò, yin àgbá sábẹ́ igi tí síkádà wà, wọn kò dákẹ́ rárá, ó wá gbà pé etí wọn kò gbọ́ ohùn dáadáa. Mo bọ̀wọ̀ fún Fabre gan-an, ṣùgbọ́n èyí kò rí bó ṣe rò. Wọ́n ń gbọ́. Ohùn ara wọn ni etí wọn dá fún, ìró àgbá kò kàn wọ́n. Àwọn abo kan máa ń fi gbígbọn ìyẹ́ dáhùn, ó ń dún bí ẹni ta ìka, akọ tó bá gbọ́ ọ á sún mọ́ ibẹ̀.

Ó wá ku àwọn igi yín. Ẹ má fín nǹkan kan. Síkádà kì í jẹ ewé, kì í jẹ èso, omi tó ń mu kò tó nǹkan lára igi tó lágbára. Oògùn lè pa àwọn tó wà lórí igi lónìí, àwọn mìíràn á fò wá lọ́la, ẹyẹ tó bá jẹ òkú wọn á sì kàgbákò, oyin tó ń gba àárín òdòdó yín kọjá á kú pẹ̀lú. Ewu kan ṣoṣo tó wà ni ti ẹ̀ka tín-ín-rín tí ìyá síkádà ń là. Lórí igi ńlá, orí ẹ̀ka díẹ̀ á rọ, á gbẹ, igi á sì rú òmíràn. Lórí igi tí kò tíì ju ọdún méjì mẹ́ta lọ, tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ṣì tín-ín-rín, ó lè pa á lára, bí àwọn síkádà bá tú jáde lọ́pọ̀ yanturu. Bó bá jẹ́ mélòó kan lẹ ń rí, bí mo ṣe rò látinú ọ̀rọ̀ yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ da àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ bo igi kéékèèké náà, ẹ so ẹsẹ̀ àwọ̀n mọ́ ìdí igi kí wọ́n má baà gba abẹ́ gòkè, ẹ sì tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí ariwo bá ti dákẹ́. Ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ má dí i. Omi àti atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ dé gbòǹgbò. Òkú wọn tó bá já sílẹ̀ ń di ajílẹ̀.

Bí ọmọ bá fẹ́ mú ọ̀kan dání, ẹ jẹ́ kó mú u. Kò ní oró, kò ní ìtá. Bó bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, ó lè fi ẹnu tọ́ awọ ọwọ́ wò bóyá ẹ̀ka igi ni, á ta á díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó fi í lé ara igi.

Lásìkò tí ariwo bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ọmọ jáde lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí tọ́ọ̀ṣì yín má mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ wo ìdí igi tí ó ti já awọ yẹn. Bí ẹ bá rí èyí tó ń rìn nílẹ̀, ẹ má ràn án lọ́wọ́, ẹ kàn máa tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọmọ ka iye awọ tó wà lára igi kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, oṣù àti ọdún, kó sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún iye tọdún tó ń bọ̀.